Olè Tó Fi Láptọ́ọ̀pù Sílẹ̀

Olè wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Olúfẹ́mi Ọládòṣù ní Festac Town, ó bá láptọ́ọ̀pù tuntun lórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀. Ó bá fóònù tó ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó gbé lọ ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ti pupa rúsúrúsú bí eyín arúgbó tó fẹ́ràn obì, ẹ̀rọ tí ọmọ ìsinsìnyí kò ní fi dí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má pa á dé.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú ẹni tó gbé e. Lójú tiwọn, ó tán. Muhyideen ni, ọkùnrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà nínú kọ̀ǹténà tó wà lẹ́nu géètì Alàgbà. Wọ́n ti tì í mọ́lé. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé, kóòtù yá.

Ìyàwó rẹ̀, Nafeesah, ló sáré wá sílé Ìyá Rosaline Gbádégẹṣin, ó kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀. Ìyá Rosaline ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ títí ìjọba fi ní kó máa lọ sílé lọ tọ́ ọmọ-ọmọ. Ọmọ-ọmọ náà wà ní Kánádà, nítorí náà ikùn ara rẹ̀ ló ń tọ́, ikùn náà sì ń dàgbà dáadáa.

"Dìde jàre," ni Ìyá Rosaline wí. "Mi ò tíì gbálẹ̀ láti àná. Kí ni wọ́n bá lọ́wọ́ ọkọ rẹ?"

"Kásẹ́ẹ̀tì Alàgbà kan ni, Ìyá. Inú rédíò ọkọ mi ni wọ́n ti bá a. Òun náà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn lọ́wọ́, torí ibẹ̀ la ń kó páálí ọjà sí. Alàgbà fúnra wọn ló nawọ́ sí i." Nafeesah fi etí hìjáàbù nu imú. "Ìyá, tó bá fi lè dé kóòtù, ilé wa dàrú nìyẹn. Ta ló máa ra ṣúgà lọ́wọ́ ìyàwó olè?"

Ìyá Rosaline ń wá wíìgì rẹ̀. Ó wò ó lẹ́yìn àga, ó wò ó lábẹ́ tábìlì, ó bú ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò ní. Ìgbà tó dìde tán ló rí i pé orí wíìgì ọ̀hún gan-an ni òun ti jókòó lé láti àárọ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó bú sẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi ń mì.

"Nafeesah, wo adìyẹ tí òjò pa tó fẹ́ lọ gba ọkọ ẹ sílẹ̀. Ó yá, ká lọ."

*

Ìsípẹ́kítọ̀ Akínfẹ́nwá ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bàtà rẹ̀ ń dán ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ìyá Rosaline ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá kékeré, ó sì ń dun ìyá náà títí dòní.

"Màmá, ẹ wo ẹ̀rí." Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ bí ẹni gbé góòlù. Orúkọ Alàgbà wà lára rẹ̀. Wọ́n ti ki bébà bọ ihò méjèèjì tó wà lókè rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe láyé ijọ́un tí a bá fẹ́ gba nǹkan tuntun lé orin àtijọ́.

"Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Alfa kan ń fìbínú ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí èèyàn fọ ẹsẹ̀ nígbà àlùwàlá.

"Ṣé kọ̀ǹpútà nìyẹn?" ni Ìyá Rosaline bi í.

"Màmá, láyé àtijọ́ inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí. Ó jí ẹ̀rọ, ó jí kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn."

Muhyideen ti gbọ́ ohùn wọn. Ó kígbe láti inú àtìmọ́lé. "Ìyá, ẹ má dá wọn lóhùn! Alàgbà ló da páálí kásẹ́ẹ̀tì síta fún àwọn tó ń kó ilẹ̀. Mo mú ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń ké kíríííí bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyí. Ni mo bá gba wàásù sí i!"

"Ìgbà wo?"

"Ààwẹ̀ tó kọjá, Ìyá. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ. Alàgbà gan-an ti ní kí n yí i sílẹ̀ rí, pé Alfa yẹn ti le jù."

Ìyá Rosaline yí ojú sí Ìsípẹ́kítọ̀. "Akínfẹ́nwá, ṣé o ti rí ẹni tó jí ewúrẹ́ rí, tó wá so ó mọ́ iwájú ilé ẹni tó ni ewúrẹ́ kó máa ké?"

"Màmá, àwọn olè máa ń ya òmùgọ̀."

"Kì í ṣe àwọn olè nìkan. Gbé fìlà rẹ, kí o tẹ̀lé mi."

*

Yàrá ẹ̀yìnkùlé náà dà bí ilé ìgbókùú-sí fún tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀ǹpútà wà lórí pẹpẹ, kọ̀ǹpútà wà nílẹ̀, òmíràn wà lórí páálí mílíìkì Muhyideen. Àwọn kan sanra bí àpótí aṣọ ìyàwó, àwọn kan pẹlẹbẹ tí bọ́tìnì wọn rí bí eyín ọmọ ọwọ́. Alàgbà Ọládòṣù dúró láàárín wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ni ní ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di òní, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó lọ yẹn, ìyàwó mi ló ni ín," ló wí. "Adéníkẹ́. Olùkọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò ìṣirò tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń ṣeré lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan bá a tẹ ètò náà sínú ike dúdú kékeré kan bí àtàǹpàkò, tó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ọ̀kùn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Adéníkẹ́ fi ohun tó fi ń kun èékánná sàmì pupa sí orí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kì í lódìlódì."

"Ṣé òmíràn wà níbòmíì?"

"Kò sí. Àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá dà á kọ, kó má baà parun." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí tábìlì. "Tí mo bá ti tàn án, òun ló ń kí mi. Láti ìgbà tó ti kú, àràárọ̀ ni mo ń tàn án."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Rosaline lára, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn. Ẹni tó nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀ torí ike, kò tíì tó ẹni tí òun máa bá sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ wo tábìlì. Eékún rẹ̀ dún kọ̀ọ̀.

"Ìbọn kọ́ o, Akínfẹ́nwá, má sá. Wá wo èyí."

Ibi tí kọ̀ǹpútà wà tẹ́lẹ̀ ṣófo. Wáyà iná rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹnìkan sì ti ká a jọ róbótó, ó fi rọ́bà dè é láàárín.

"Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ ká wáyà yìí?"

"Rárá o. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Olè tó ráyè ká wáyà," ni Ìyá Rosaline wí wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà náà ni Henry, ọmọ Alàgbà, yọjú. Èèyàn tó ti lé lógójì ọdún, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí àgbò tó ń jẹ èèpo iṣu. "Ọlọ́pàá tún dé? Lórí pàǹtí? Mo ti sọ fún Dádì kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn oní-kóńdẹ̀mù tó ń ra irin àtijọ́ l'Abúlé Adó."

"O mọ̀ wọ́n l'Abúlé Adó?" ni Ìyá Rosaline bi í, jẹ́jẹ́ bí ẹni béèrè ọ̀nà.

Ṣingọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu Henry. "Àbí... ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣá ni mo tà fún wọn. Lọ́dún tó kọjá. Kò ṣiṣẹ́ mọ́!"

"Henry!" Alàgbà di àga mú. "O sọ fún mi pé èkúté ló jẹ ẹ́!"

"Èkúté wo ló ń jẹ irin, Alàgbà?" ni Ìyá Rosaline wí. "Ẹ tiẹ̀ gbà á gbọ́. Ẹ ṣé."

Akínfẹ́nwá ti fa ankọ́ọ̀fù yọ, ojú rẹ̀ ń dán. "Màmá, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Kí n dè é?"

"Dúró ná. Henry, jọ̀ọ́, bá mi gbé kọ̀ǹpútà kékeré yẹn wá láti orí pẹpẹ."

Henry na apá, ó di ẹ̀rọ náà mú létí, ó fà á. Wáyà rẹ̀ há, ó tún fà á. Ẹ̀rọ méjì wó lulẹ̀, Alàgbà sì pariwo bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Henry gbé èyí tó kù wá tòun ti ìdajì wáyà ara ògiri.

"Dá ankọ́ọ̀fù rẹ padà," ni Ìyá Rosaline sọ fún Akínfẹ́nwá. "Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ báyìí kò lè ká wáyà báyẹn. Ọ̀lẹ lèyí, kì í ṣe olè. Ẹni tó wọ ibí fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí débi pé kò lè fi wáyà sílẹ̀ ní wúruwùru, kódà nígbà tó ń jalè. Alàgbà, ta ló tún ń wọ yàrá yìí?"

"Kò sí ẹlòmíì. Àfi Débọ́lá láti Àmùwò Ọ̀dọ̀fin. Ọmọlúàbí ni. Òun ló ń bá mi nu àwọn ẹ̀rọ yìí. Òun ló tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yẹ ṣọ́ọ̀bù Muhyideen wò."

"Ó ṣeun gan-an," ni Ìyá Rosaline wí.

*

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọgbọ́n ló darí Ìyá Rosaline sí ṣọ́ọ̀bù Dammy onídìrí, irọ́ ló ń pa. Wíìgì ni. Ó ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó, Akínfẹ́nwá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìtìjú.

"Ẹ kun wíìgì yìí ní pupa fún mi," ló wí. "Bí mo bá máa rí bí wèrè, kí n kúkú rí bí wèrè tó lọ́lá."

"Màmá, kò sí oògùn," ni Dammy dáhùn. "Omi funfun tí a fi ń sọ irun dúdú di pupa, ọkùnrin kan ló wá kó gbogbo rẹ̀ tán pátá. Ó ní òun ń gbé l'Àmùwò."

"Ọkùnrin? Ó fẹ́ kun irun?"

Dammy bú sẹ́rìn-ín. "Irun wo, Màmá? Orí rẹ̀ pá kodoro, eṣinṣin kò lè dúró lé e. Wọ́n ya kọ̀ǹpútà sí àyà aṣọ rẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní mi ò lè mọ̀ ọ́n."

Ìyá Rosaline dìde tòun ti kóòmù nínú wíìgì. Irun ni èèyàn ń fi omi yẹn bó. Tí irun kò bá sí, kí wá ni ọ̀gbẹ́ni náà ń bó?

*

Fúlátì Débọ́lá tutù bí inú fíríìjì. Gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú àpótí gíláàsì, iná wẹ́wẹ́ ń tàn sí wọn lórí. Orí òun náà ń dán bákan náà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí dókítà, ó sì ń wo Ìyá Rosaline bí ẹni tó rí ẹrẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe... ohun tí àwọn àgbà máa ń tètè mọyì."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ò mọ̀ ju ẹ̀rọ ata lọ." Ó ń rìn kiri, ó ń mí bí ẹṣin. "Gbogbo èyí, o kì í ju nǹkan kan nù ni?"

"Jù ú nù kẹ̀? Iṣẹ́ mi ni kí nǹkan má parun. Àwọn èèyàn wa kò mọ ìtọ́jú. Wọ́n á gbé ìṣúra sínú ooru pẹ̀lú páálí mílíìkì!"

Láàárín yàrá, kọ̀ǹpútà kan jókòó bí ọba. Funfun ni, bí ẹyin.

"Èyí mà rẹwà o."

"Tuntun ni. Láti ìlú òyìnbó, inú páálí rẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yìí. Kò rí oòrùn rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fi hàn nínú fídíò mi."

"Irú ti Alàgbà Ọládòṣù kọ́?"

"Irú kan náà ni. Àmọ́ ti Alàgbà ti pupa, ẹ̀yin náà mọ̀. Èyí funfun."

Akínfẹ́nwá mi orí. Lójú tirẹ̀, funfun kì í ṣe pupa, ó parí.

Ìyá Rosaline tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó wo ara ẹ̀rọ náà. Funfun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun náà kò dọ́gba. Ó ní àbàwọ́n káàkiri, ibì kan bí wàrà, ibì kan bí ẹ̀kọ tútù. Ó yí lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń mí, inú wọn pupa rúsúrúsú.

Aya àbúrò rẹ̀ kan wà ní Alákijà tó fi ìpara bóra. Ojú obìnrin yẹn pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó jìnnà, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí èédú, torí kò sí ìpara tó wọ ibẹ̀. Ìyá Rosaline bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń gòkè bọ̀.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, Màmá?"

"Ara mi ni. Fi àwọn ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà hàn mí, èyí tó ní ẹsẹ̀ bí ọ̀kùn. Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n kí n tó kú."

Ìgbéraga kò jẹ́ kó kọ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde. Àwọn ike dúdú tò sórí fóòmù bí òkú kòkòrò. Láàárín wọn, ọ̀kan ní àmì pupa lórí.

Ìyá Rosaline mú un. "Èyí ti dọ̀tí," ló wí. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó gbé èékánná lé orí àmì pupa náà. "Jẹ́ kí n bá ọ há a kúrò."

"Ẹ má ṣe!" Débọ́lá fò sókè. "Ẹ má há a! Ọwọ́ ìyá yẹn gan-an ló kùn ún!"

Ìyá Rosaline gbé èékánná kúrò.

"Ìyá wo?" ni Ìyá Rosaline bi í.

Akínfẹ́nwá ń wò wọ́n láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ìkejì, ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ là.

"Olè gidi ì bá ti sọ ike yìí sí gọ́tà," ni Ìyá Rosaline wí. "Ó kéré tán, ì bá ti nu àmì kúrò. O lè fi omi onídìrí bó ara kọ̀ǹpútà nínú oòrùn, o lè fi ankọ́ọ̀fù sí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n o kò lè ju ohun àtijọ́ nù. Kò sí nínú ìwà rẹ. Ó yá, ki ike yìí bọ inú ẹ̀rọ rẹ, kí a wò ó."

Débọ́lá ki ike náà bọ ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ó tàn án. Lórí dígí dúdú, lẹ́tà funfun gbàǹgbàgbàǹgbà jáde, láìsí àmì ohùn kankan, bí ẹ̀rọ ìgbà yẹn ṣe mọ̀ ọ́n kọ:

E KAARO. EMI NI ADENIKE. KI NI ORUKO RE?

"Ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn!" ni Débọ́lá kígbe. "Èmi ni mo gbà á là! Ooru, eruku, ọmọ wọn tó ń tà wọ́n fún oní-kóńdẹ̀mù! Kí ni bàbá yẹn mọ̀?"

"O gba ike là," ni Ìyá Rosaline wí. "Muhyideen tó ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ṣé ara tirẹ̀ kì í bàjẹ́?"

"Mi ò sọ pé kí wọ́n tì í mọ́lé. Mo kàn ní kí wọ́n yẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò."

"Gbọ́ ẹnu ẹ." Ó yí sí Akínfẹ́nwá. "Kí lò ń wò? Dè é. Kí o fún mi ní àga, eékún mi ti kú."

*

Wọ́n tú Muhyideen sílẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ ilé, ó wẹ̀, ó kí ìrun, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó páálí rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé Alàgbà. Àbúrò Nafeesah ti wá ṣọ́ọ̀bù fún wọn ní Alákijà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti dúró lẹ́nu géètì.

Alàgbà Ọládòṣù tọ Ìyá Rosaline wá lábẹ́ ìbòòji. Ó wọ agbádá, bí ẹni ń lọ sí ìpàdé.

"Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ogún ọdún la ti jọ wà. Inú ló bí mi."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọwọ́ mi lẹ nà sí i ni?" Ó ń fi wíìgì fẹ́ ara rẹ̀. "Ọlọ́pàá ni mo ṣe, Alàgbà. Mi ò ṣe alágbàbẹ̀ rí. Ọkùnrin náà ló ń kọjá yẹn."

Alàgbà lọ. Ó pe Muhyideen, Muhyideen kọjá. Ó tún pè é, Muhyideen tún kọjá pẹ̀lú páálí ìndómì lórí. Níkẹyìn Alàgbà bọ́ agbádá, ó fi í kọ́ géètì, ó wọ yàrá náà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ẹrù.

Muhyideen dúró. Ó wo ọwọ́ náà. Páálí bisikíìtì kan wà nítòsí, tó fúyẹ́ bí fìlà. Ó fo ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé páálí mílíìkì alágolo tó wúwo jù lọ nínú yàrá náà, ó gbé e lé bàbá náà lápá.

Ẹsẹ̀ Alàgbà yẹ̀, ó fẹ́ ṣubú, kò ṣubú. Ó gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́, ó sinmi lé e díẹ̀, ó sì padà wá gba òmíràn.